Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Àlàyé Lórí Àrùn Rett àti Ìdàgbàsókè Ọmọbìnrin

Àṣamọ̀

Àrùn Rett jẹ́ àrùn ọpọlọ kan tí kò wọ́pọ̀. Ó máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọbìnrin kékeré, ó sì máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn tí ọmọ náà ti kọ́kọ́ dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí àrùn náà ṣe ń fara hàn, bí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣe dá a mọ̀, ohun tí ó ń fà á, àti ibi tí ìtọ́jú rẹ̀ dé dúró. Kókó tí iṣẹ́ yìí dúró lé ni pé ìyá ọmọ kò jẹ̀bi àrùn yìí, àti pé ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ kì í ṣe ọmọ tí kò ní ohun kankan láti sọ. Níkẹyìn, ó tọ́ka sí ohun tí olùkọ́ lè ṣe nínú kíláàsì.

Ìfáàrà

Láàrin àwọn Yorùbá, gbogbo ìṣísẹ̀ ìdàgbàsókè ọmọ ni àwọn àgbà máa ń ṣọ́. Wọn a máa ka oṣù tí ó gbé ọrùn dúró, oṣù tí ó jókòó, ìgbà tí ó rákòrò, ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ tẹsẹ̀ rìn àti ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí ọmọ kan bá pẹ́ kí ó tó rìn, wọn a ní kí ìyá rẹ̀ ṣe sùúrù, nítorí pé ọmọ kì í dàgbà bákan náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti ń rìn tí ó tún wá jókòó, tí ó ti ń pe ìyá rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ tún wá pa dé, ọ̀ràn tirẹ̀ kọjá ti sùúrù. Irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń mú kí àwọn ènìyàn béèrè pé ta ni ó ṣe é.

Àwọn kan a ní emèrè ni ọmọ náà. Àwọn mìíràn a ní ọwọ́ ayé ni ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan a tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyá rẹ̀ tìfuratìfura. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí ó dára ni ti baba, èyí tí kò dára ni ti ìyá. Ọ̀rọ̀ yìí ti gún ọ̀pọ̀ obìnrin lọ́kàn. Ní ti àrùn Rett, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi hàn gbangba pé ọ̀rọ̀ náà kò bá òtítọ́ mu rárá, gẹ́gẹ́ bí àlàyé tí ó ń bọ̀ yóò ti fi hàn.

Bí Àrùn náà ṣe ń Fara Hàn

Ọmọbìnrin ni àrùn Rett ń bá jà jù lọ. Nínú nǹkan bí ọmọbìnrin 10,000 sí 15,000 tí a bí, ọ̀kan ni ó máa ń ní in. Kò sí ẹ̀yà ènìyàn tí kò sí láàrin wọn. Bí wọ́n bá bí ọmọ náà, kò sí ohun tí ojú lè rí tí ó yàtọ̀ lára rẹ̀. Ó ń mu ọmú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń na ọwọ́ sí ohun tí ó wù ú. Lẹ́yìn èyí ni àrùn náà yóò bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ pín sí ìpele mẹ́rin.

Ìpele kìn-ín-ní sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàrin oṣù 6 sí oṣù 18. Ìdàgbàsókè ọmọ a fà sẹ́yìn díẹ̀. Kò ní fi bẹ́ẹ̀ wo ojú ènìyàn mọ́, eré kò ní fi bẹ́ẹ̀ wù ú, orí rẹ̀ kò sì ní tóbi sí i bí ó ti yẹ. Àwọn àmì wọ̀nyí fara sin tó bẹ́ẹ̀ tí òbí àti dókítà lè má kíyè sí wọn.

Ìpele kejì ni ìgbà ìpàdánù, tí ó sábà máa ń wáyé láàrin ọdún 1 sí ọdún 4. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ọwọ́ tí ó ti ń mú ṣíbí kò ní lè mú un mọ́. Ọ̀rọ̀ mélòó kan tí ọmọ ti mọ̀ ọ́n sọ a pòórá. Bí ó bá ti ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ́ọ́, àwọn mìíràn kò sì ní lè rìn mọ́. Dípò iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe tẹ́lẹ̀, ọwọ́ a bẹ̀rẹ̀ ìṣesí kan tí kì í dáwọ́ dúró bí ojú ọmọ bá ti là sílẹ̀: ọmọ a máa fi ọwọ́ kan ra èkejì ní àárín àyà bí ẹni tí ó ń fọ ọwọ́, a máa pàtẹ́wọ́, tàbí kí ó máa ti ọwọ́ bọ ẹnu. Ìṣesí yìí ni àmì tí ó hàn jù lọ nínú gbogbo àmì àrùn náà. Ọmọ tún lè máa mí lemọ́lemọ́, kí ó sì tún sé èémí lójijì. Ó lè máa pa eyín keke, ó sì lè máa ké lóru láìsí ohun tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí pé ó fa ẹkún náà.

Ní ìpele kẹta, ìpàdánù a dáwọ́ dúró. Ìpele yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàrin ọdún 2 sí ọdún 10, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wárápá wọ́pọ̀ ní àkókò yìí. Síbẹ̀, ohun ayọ̀ kan wà nínú rẹ̀: ẹkún a dínkù, ọmọ a tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú ènìyàn, a máa rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ó mọ̀, a sì máa tẹjú mọ́ ohun tí ó bá fẹ́. Ní ìpele kẹrin, iṣan ara a máa le, ọ̀pá ẹ̀yìn a máa wọ́, ẹni tí ó sì ti ń rìn lè má lè rìn mọ́. Ṣùgbọ́n òye ọmọ àti bí ó ti ń fi ojú bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kì í lọ sílẹ̀ ní ìpele yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń dàgbà di obìnrin, tí wọ́n ń lo ju ogójì ọdún lọ láyé.

Bí Wọ́n ṣe Dá Àrùn náà Mọ̀

Ní ọdún 1954, ní ìlú Vienna ní orílẹ̀-èdè Austria, dókítà àwọn ọmọdé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Andreas Rett rí ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jókòó sí ẹsẹ̀ ìyá wọn níbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró dè é. Àwọn ọmọ méjèèjì ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ bákan náà gẹ́lẹ́. Ká ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ọjọ́ ni wọ́n wá ni, bóyá kì bá tí kíyè sí i. Ó yẹ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn rẹ̀ wò, ó sì rí àwọn ọmọbìnrin mìíràn tí ìṣe wọn jọ tàwọn méjì yìí. Ó ya fíìmù wọn, ó sì gbé e kiri ilẹ̀ Yúróòpù láti wá irú wọn.

Ní ọdún 1966 ni ó gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní èdè Jámánì. Èrò rẹ̀ nígbà náà ni pé àpọ̀jù èròjà amóníà nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó fa àrùn náà. Àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé ibẹ̀ kọ́ ni ìṣòro wà, ṣùgbọ́n ohun tí ojú Rett rí lára àwọn ọmọ náà kò ní àbùkù. Síbẹ̀, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó ka iṣẹ́ náà. Ní gbogbo àkókò yìí, Bengt Hagberg, dókítà kan ní orílẹ̀-èdè Swídìn, náà ti ń rí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láìmọ ohun tí Rett ti kọ.

Ní ọdún 1983, Hagberg àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé ìwádìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí ọmọbìnrin 35 láti Swídìn, Faransé àti Pọtogí. Wọ́n fi orúkọ Rett pe àrùn náà, láti bu ọlá fún ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i. Láàrin ọdún 1966 sí 1983, ọ̀pọ̀ òbí ni ó ti gbé ọmọ wọn láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn láìrí ẹni tí ó mọ orúkọ ohun tí ó ń ṣe é. Àìsí orúkọ yìí kì í ṣe ohun kékeré, nítorí pé àrùn tí kò ní orúkọ ni ó máa ń rọrùn jù láti dì ru ẹnì kan.

Ohun tí ó Fa Àrùn náà

Nínú ọdún 1983 yìí kan náà ni Huda Zoghbi, obìnrin oníṣègùn tí a bí ní ìlú Beirut ní orílẹ̀-èdè Lẹ́bánónì, kọ́kọ́ pàdé ọmọbìnrin kan tí ó ní àrùn Rett ní ilé ìwòsàn tí ó ti ń kọ́ṣẹ́ ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ọdún 16 ni ó fi wá ohun tí ó fa àrùn náà. Ní ọdún 1999, òun àti Ruthie Amir pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn kéde pé àṣìkọ nínú jíìnì kan tí à ń pè ní MECP2 ni ó wà nídìí rẹ̀. Ó lé ní ìdá 95 nínú 100 àwọn ọmọ tí àmì àrùn náà pé sí lára tí wọ́n ní àṣìkọ yìí.

Jíìnì ni ìtọ́ni tí a kọ sínú sẹ́ẹ̀lì ara, èyí tí ara ń tẹ̀ lé láti ṣe àwọn èròjà purotéènì tí ó nílò. Inú àwọn kúrómósómù ni àwọn jíìnì wà, orí kúrómósómù X sì ni MECP2 wà. Iṣẹ́ purotéènì tí ó ń ti inú jíìnì yìí jáde ni láti darí àwọn jíìnì mìíràn: èyí tí ó yẹ kí ó ṣiṣẹ́ púpọ̀ àti èyí tí ó yẹ kí ó rọra. A lè fi í wé ìyáàlù láàrin àwọn ìlù dùndún. Bí ìyáàlù bá dákẹ́, àwọn omele lè máa dún lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò darí wọn mọ́, orin a sì dojú rú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nínú ọpọlọ ọmọ tí ó ní àrùn Rett. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rẹ̀ kò kú; ìdarí ni wọn kò ní.

Ìdí tí àrùn náà kì í fi í hàn lọ́jọ́ tí a bí ọmọ náà wà nínú èyí. Bí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣe ń gbó lẹ́yìn ìbí ni ó ń nílò purotéènì yìí sí i. Nígbà tí àìní rẹ̀ bá wá pọ̀ ni àìsí rẹ̀ yóò hàn.

Ọ̀rọ̀ kúrómósómù X yìí kan náà ni ó ṣàlàyé ìdí tí ó fi jẹ́ pé ọmọbìnrin ni ó pọ̀ jù. Ọmọbìnrin ní X méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ọmọkùnrin ní ẹyọ kan péré, láti ọ̀dọ̀ ìyá. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé tí Mary Lyon ṣe ní ọdún 1961, nínú sẹ́ẹ̀lì obìnrin kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú X méjèèjì ni ó ń ṣiṣẹ́. Èkejì a dákẹ́. Nítorí náà, lára ọmọbìnrin tí ó ní àrùn Rett, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń lo X tí ó pé, àwọn yòókù ń lo èyí tí àṣìkọ wà nínú rẹ̀. Bí ìpín náà bá ti rí, àti irú àṣìkọ tí ó ṣẹlẹ̀, wà lára ohun tí ó ń mú kí àrùn náà le lára ọmọ kan ju òmíràn lọ. Ọmọkùnrin tí X kan ṣoṣo tí ó ní bá ní àṣìkọ náà kò ní èyí tí yóò dípò rẹ̀. Ìdí nìyí tí àrùn náà fi máa ń le gan-an lára rẹ̀ láti ìgbà ọmọ ọwọ́, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í pẹ́ láyé.

Ta ni ó Jẹ̀bi?

Níbi yìí ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti pàdé ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ sí ìyá ọmọ. Nínú ọmọ 100 tí ó ní àrùn Rett, ó lé ní 99 tí kò jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí kankan. Àṣìkọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni, nígbà tí a ń da ìtọ́ni jíìnì kọ láti inú sẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn. Àwọn onímọ̀ sì ti rí i pé inú àtọ̀ baba ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wáyé. Èyí tún jẹ́ ìdí kan sí i tí ọmọbìnrin fi pọ̀ nínú wọn, nítorí pé ọmọbìnrin nìkan ni baba ń fún ní X.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé kí a gbé ẹ̀bi kúrò lórí ìyá kí a sì gbé e ka orí baba. Àìmọye ìgbà ni ara ọkùnrin ń da ìtọ́ni yìí kọ bí ó bá ti ń ṣe àtọ̀, bí akọ̀wé tí ń da ìwé ńlá kọ lójoojúmọ́. Kò sí akọ̀wé tí kì í ṣi lẹ́tà kọ. Kò sí oúnjẹ tí ìyá jẹ nínú oyún, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí baba dá, kò sì sí ènìyàn búburú kan nínú ẹbí tí ó lè fa àṣìkọ náà. Ewu pé irú rẹ̀ yóò tún ṣe ọmọ mìíràn tí tọkọtaya náà bá bí kò tó ọ̀kan nínú 100. Ìgbéyàwó tí ó ti tú ká, àti ìyá tí wọ́n ti lé jáde nítorí irú ọmọ báyìí, ti jìyà ohun tí wọn kò mọ̀wọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Ibi tí Ìtọ́jú Dé Dúró

Ní ọdún 2007, Adrian Bird, Jacqueline Guy àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní ìlú Edinburgh ní Sikọ́tíláǹdì ṣe ìwádìí kan tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n lo àwọn eku tí wọ́n ti dá jíìnì yìí dúró lára wọn. Àwọn eku náà ṣàìsàn, òmíràn nínú wọn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Nígbà tí wọ́n dá jíìnì náà padà sẹ́nu iṣẹ́, ara ọ̀pọ̀ nínú wọn yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn dáadáa, èémí wọn sì dúró ṣinṣin. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àrùn Rett kò ba ọpọlọ jẹ́ kọjá àtúnṣe. Ní ọdún 2020, Bird àti Zoghbi jọ gba ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ, èyí tí à ń pè ní Brain Prize.

Eku kì í ṣe ènìyàn, nítorí náà ọ̀nà ṣì jìn. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, àjọ tí ń ṣàmójútó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí trofinetide, oògùn àkọ́kọ́ tí a ṣe fún àrùn Rett gan-an, fún ẹni tí ó bá ti pé ọdún 2. Ó ń dín díẹ̀ nínú àwọn àmì àrùn náà kù, kò wò ó sàn, ó sì máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti èébì lára ọ̀pọ̀ tí ó ń lò ó. Nínú ọdún 2023 yìí náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán ìtọ́jú tí ń gbé jíìnì tí ó pé wọ inú ara wò lára àwọn aláìsàn. Ìṣọ́ra púpọ̀ ni èyí gbà, nítorí pé àpọ̀jù purotéènì yìí náà ń fa àrùn mìíràn, tí ó wọ́pọ̀ lára ọmọkùnrin. Bí ó bá kéré jù, wàhálà. Bí ó bá pọ̀ jù, wàhálà.

Títí di ìgbà tí ìwòsàn yóò fi dé, iṣẹ́ wà láti ṣe. Yorùbá ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Oògùn wárápá wà. Ó yẹ kí dókítà yẹ ọkàn ọmọ wò, nítorí pé lílù ọkàn àwọn kan nínú wọn kì í lọ déédéé. Ó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bí ó ti ń dàgbà, kí ó máa jẹ oúnjẹ tí ó kún tó sì rọrùn láti gbé mì, kí àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì sì máa na iṣan rẹ̀ kí ó má baà le. Bí ó bá lè rìn, ẹ jẹ́ kí ó máa rìn lójoojúmọ́. Àyẹ̀wò jíìnì ń fìdí àrùn náà múlẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà tí ó mọ àwọn àmì rẹ̀ dáadáa lè dá a mọ̀ láti inú ìtàn ọmọ náà àti ìṣesí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí òbí kọ ọjọ́ tí ọmọ ṣe nǹkan kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí ó pàdánù rẹ̀ sílẹ̀.

Ojúṣe Olùkọ́

Olùkọ́ lè kọ́kọ́ pe irú ọmọ yìí ní adití, tàbí ọmọ tí ó ní ọ́tísímù, tàbí ọ̀dẹ̀. Àṣìṣe tí ó burú jù ni èyí tí ó kẹ́yìn. Ọmọ tí ó ní àrùn Rett kò lè fi ọwọ́ tọ́ka sí nǹkan, kò lè fi ẹnu dáhùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Gbogbo ìdánwò tí ó bá béèrè ọwọ́ tàbí ẹnu ni yóò fìdí rẹmi nínú rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé kò mọ ìdáhùn ní gbogbo ìgbà. Ohun tí àrùn náà fi sílẹ̀ fún un ni ojú. Nígbà tí àwọn olùwádìí lo ẹ̀rọ tí ń tọpa ibi tí ojú ń wò, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ ìyàtọ̀ láàrin àwòrán àti àwòrán, wọ́n sì ń yan ohun tí wọ́n fẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà ni Yorùbá wí. Lára àwọn ọmọ wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àfiwé.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà wà tí ó ń sọ ohun tí ojú bá yàn jáde. Ẹ̀rọ náà wọ́n, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí kò ní in lè fi páálí méjì ṣe é. Kí ó ya omi sí ọ̀kan, kí ó ya oúnjẹ sí èkejì, kí ó gbé wọn jìnnà sí ara wọn níwájú ọmọ, kí ó sì béèrè èyí tí ó fẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ó dúró. Dídúró yìí ni ó ṣòro jù fún olùkọ́, nítorí pé ìdáhùn ọmọ náà lè pẹ́ ju bí ènìyàn ti rò lọ kí ó tó dé. Ẹni tí ó bá kánjú tún ìbéèrè bi í ti da ìdáhùn tí ó ń bọ̀ lọ́nà nù. Bí ọmọ bá ti mọ ìlò páálí méjì, a lè fi bẹ́ẹ̀ni àti bẹ́ẹ̀kọ́ kún un, lẹ́yìn náà àwọ̀, òǹkà àti ìtàn. Orin náà ń ràn án lọ́wọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Bí ó bá sì ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, kí olùkọ́ má ṣe nà án tàbí kí ó bá a wí, nítorí pé kò sí lábẹ́ àkóso rẹ̀. Dídi ọwọ́ kan mú pẹ̀lẹ́ lè fún èkejì láàyè díẹ̀ láti ṣe nǹkan.

Ní Nàìjíríà, òfin tí ó lòdì sí fífi ojú burúkú wo àwọn tí ó ní ìpèníjà ara, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, fún irú ọmọ yìí ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga sẹ́kọ́ńdìrì. Òfin nìkan kò lè kọ́ ọmọ níwèé. Olùkọ́ tí ó bá mọ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ni yóò sọ òfin di ẹ̀kọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé tí ó wà nínú àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé àrùn Rett kì í ṣe iṣẹ́ ayé, kì í ṣe ti emèrè, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá tàbí ti baba. Àṣìkọ kan nínú jíìnì ni, tí ó ń ṣèèṣì wáyé kí a tó bí ọmọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n nítorí pé ní ọjọ́ kan ní ọdún 1954, dókítà kan fara balẹ̀ wo ọmọ méjì tí àwọn mìíràn ti ń wò kọjá. Irú ìfarabalẹ̀ yẹn náà ni ọmọ tí ó ní àrùn yìí ń béèrè lọ́wọ́ ìyá, baba, aládùúgbò àti olùkọ́ rẹ̀: kí wọ́n wo ojú rẹ̀, kí wọ́n dúró, kí wọ́n sì gba ohun tí ojú náà bá sọ gbọ́.